Yọ Ọ́ Kúrò Ká Wò Ó: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Wá Adùn Inú Géèmù

Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Breakout. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ògiri bíríkì wà lókè ojú ẹ̀rọ, pátákó kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí ẹni tó ń gbá a lè fà sọ́tùn-ún sósì, bọ́ọ̀lù kan sì ń ta láàárín àwọn méjèèjì. Bí bọ́ọ̀lù bá kan bíríkì, bíríkì yẹn á pòórá. Bí pátákó bá tàsé bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ti ṣòfò nìyẹn. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan, kò sí ìlú tí à ń gbà tàbí ọ̀tá tí à ń lé. Síbẹ̀, àwọn èèyàn dúró ti ẹ̀rọ náà ní ilé ìgbafẹ́, wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí i lẹ́nu, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, wọn ò sì fẹ́ lọ.

Kí ló dùn nínú rẹ̀? Bí ẹ bá bi ẹni tó ń gbá a, yóò ní ó kàn dùn ni. Bí ẹ bá bi ẹni tó ṣe é, yóò tọ́ka sí èyí tó fi òógùn ojú ṣe jù. Ìdáhùn méjèèjì kò gbé wa débì kan. Ẹni tí nǹkan ń dùn mọ́ kì í sábà mọ ibi tí adùn náà ti ń wá, ẹni tó sì ṣe é ti sún mọ́ ọn jù láti rí i dáadáa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni àwọn onímọ̀ tí kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì gbọ́.

Ó yẹ ká rántí pé inú yunifásítì ni géèmù kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ jáde, ọjà ló tẹ̀lé e. Ní 1952, Alexander Douglas ní Yunifásítì Cambridge kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà EDSAC, tí ẹ̀rọ náà fi ń bá èèyàn ṣe eré tí a fi ń kọ X àti O sójú àpótí mẹ́sàn-án. Ó fi í kún àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tó dá lórí bí èèyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe lè jọ máa bára wọn ṣe. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ kan ní MIT, Steve Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe Spacewar!, níbi tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú méjì ti ń yìnbọn lu ara wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ni gbogbo wọn ń wá, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń mú ẹni tó ń ṣeré náà jókòó.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn ni Thomas Malone. Ó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ ní Yunifásítì Stanford ní California, ó sì wà ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní Palo Alto nígbà tó kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980. Ó kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 65 sọ̀rọ̀, àwọn tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré, ó ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn géèmù 25 tó. Nínú gbogbo ohun tó lè ya géèmù kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ọ̀kan ló bá ìfẹ́ àwọn ọmọ náà rìn jù lọ: ṣé géèmù náà ní ibi tí ẹni tó ń gbá a ń lé dé, àbí kò ní? Àwọn tí kò ní, wọn ò rí ojúure àwọn ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì nìyẹn. Ohun tí Malone ṣe tẹ̀lé e ló jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò títí dòní, ó sì rọrùn débi pé ó máa ń yà mí lẹ́nu pé kò wọ́pọ̀ jù báyìí lọ. Ó mú géèmù kan, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bíi mélòó kan. Gbogbo ẹ̀dà náà jọra, àfi pé ó yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀kan, ó yọ òmíràn kúrò nínú èkejì, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá kó wọn síwájú àwọn èèyàn. Ẹ̀dà tó bá sú wọn kíákíá, inú ohun tó yọ kúrò níbẹ̀ ni adùn wà.

Breakout ló fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, máàkì kò hàn mọ́. Nínú àwọn kan, bọ́ọ̀lù ń kan bíríkì ṣùgbọ́n bíríkì kò wó. Ó tún tọwọ́ bọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta lára pátákó. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè rò pé máàkì ni yóò borí, torí máàkì la fi ń yangàn lójú ẹgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíríkì tó ń wó ló borí gbogbo rẹ̀. Àlàyé tí Malone ṣe nípa rẹ̀ dára púpọ̀: ògiri tó ti wó dé ìdajì ń fi iṣẹ́ tó kù han ẹni, ó sì tún ń fi iṣẹ́ tí a ti ṣe hàn, lójú kan náà, láìsí pé a ka nọ́ńbà kankan. Ẹni tó ń gbá a kàn ní láti gbójú sókè ni, yóò mọ ibi tó dé àti ibi tó ń lọ.

Géèmù kejì tó tú palẹ̀ ni Darts. Yunifásítì Illinois ló ti wá, Sharon Dugdale àti David Kibbey ló ṣe é, láti fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ìdá. Ìlà kan dúró lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, bàlúùnù sì so mọ́ ọn káàkiri. Ọmọ náà á fojú wọn ibi tí bàlúùnù kan wà, á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọlé, bí ẹyọ kan àti ìdajì tàbí méjì àti ìdá mẹ́ta. Ọfà á fò jáde lọ sí ibi tí nọ́ńbà yẹn wà gan-an. Bó bá bá a, bàlúùnù á bẹ́. Bó bá tàsé, ọfà á gún ìlà níbẹ̀, nọ́ńbà tí ọmọ náà tẹ̀ á sì wà lára rẹ̀, kó lè rí bó ṣe jìnnà tó sí ohun tó ń wá.

Malone ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ, ó sì kó àwọn ọmọ 80 tó wà ní kíláàsì karùn-ún jọ. Kò bi wọ́n pé ṣé ó dùn. Ó gbé géèmù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tó farapamọ́, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì, ó sì ń ka ìṣẹ́jú tó lò nídìí Darts. Ọmọ lè parọ́ fún olùkọ́ kó lè dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kì í parọ́.

Ohun tó jáde níbẹ̀ kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn ọfà tó ń bẹ́ bàlúùnù. Ó sì jọ pé àwọn ọmọbìnrin kò nífẹ̀ẹ́ sí i, pé ńṣe ló tilẹ̀ ń lé wọn. Ẹ rò ó wò ná. Ká ní Malone da gbogbo ọmọ pọ̀ ṣe ìṣirò kan ṣoṣo, ìfẹ́ àwọn wọ̀nyí ì bá bo ìkórìíra àwọn wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, ìwádìí ì bá sì sọ pé ọfà kò ṣe rere, kò ṣe ibi. Olùṣe géèmù tó bá ń sọ pé “àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀” kò tíì sọ nǹkan kan títí yóò fi sọ irú ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti inú gbogbo èyí ni Malone ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ìpèníjà, ohun tí géèmù ń mú kí ọkàn ẹni yàwòrán rẹ̀, àti ìfẹ́ láti mọ ohun tó kàn. Mi ò ní dúró lórí gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà láàárín ló kàn wá jù lórílẹ̀-èdè tí kálukú ti ń ṣe ètò orí fóònù láti fi kọ́ ọmọ nílé. Malone ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Nínú Darts, ọfà àti ìṣirò ti di ohun kan náà: ibi tí ọfà gún ni ìdáhùn ọmọ náà, àṣìṣe rẹ̀ wà níbẹ̀ tó lè fojú wọ̀n ọ́n. Nínú oríṣi kejì, ọmọ dáhùn pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 56, ìràwọ̀ sì já bọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìràwọ̀ yẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú méje tàbí mẹ́jọ. Bí a bá fi ìbéèrè nípa olú-ìlú orílẹ̀-èdè rọ́pò rẹ̀, ìràwọ̀ kan náà á ṣì já bọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn òbí lónìí pé géèmù ẹ̀kọ́ ni, oríṣi kejì yìí ni. Iṣẹ́ àmúrelé ni, tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lọ́rùn.

Nípa ìpèníjà, Malone sọ pé kò lè sí níbi tí èèyàn bá ti mọ bí nǹkan yóò ṣe parí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdánwò kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam so ẹ̀rọ aṣèṣirò 144 pọ̀ láti tú awari wò tán. Awari ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ọ̀kan nínú àwọn ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa: ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Iye ipò tí ọmọ lè wà lórí ọpọ́n náà jẹ́ 889,063,398,406. Wákàtí 51 ni àwọn ẹ̀rọ náà fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìdáhùn tó jáde ni pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣi ọmọ ta bá jókòó, ọ̀mì ni yóò já sí.

Ṣé eré náà wá kú? Kò kú rárá. Ẹ lọ síbi tí àwọn àgbààgbà ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́, ẹ sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà kan ní Amsterdam ti mọ bí irú eré yìí ṣe ń parí. Wọn yóò ní kí ẹ yà sẹ́yìn, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀. Kò sí orí èèyàn tó lè gba ipò tó lé ní 889 bílíọ̀nù, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣì ṣókùnkùn fún àwọn méjèèjì tó jókòó. Àìmọ̀ tí ìpèníjà fi ń dùn kò sí nínú ọpọ́n, inú orí ẹni tó ń ta á ló wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ta kì í fi í gbádùn àtibá ọ̀pẹ ta: ọ̀ta ti rí òpin láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú sì ń ti ọ̀pẹ, torí kò mọ ibi tí odù ti jó o lọ́wọ́.

Mihaly Csikszentmihalyi, ọmọ ìran Hungary tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago, fi ọdún púpọ̀ wo àlàfo tó wà láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń gun àpáta, àwọn tó ń ta chess, àwọn oníjó àti àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ló lọ bá. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1975, ó ní bí iṣẹ́ bá kéré sí agbára ẹni, ó ń súni. Bó bá ju agbára ẹni lọ, ẹ̀rù ń bani. Láàárín méjèèjì ni ọ̀nà tóóró kan wà tí èèyàn ti ń gbàgbé ebi, tó ń gbàgbé aago, tó ń gbàgbé ara rẹ̀ pàápàá. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àdúà gbogbo olùṣe géèmù láti ìgbà náà. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀nà tóóró náà kò sí lójú kan náà fún ẹni méjì.

Jenova Chen, ọmọ Shanghai tó lọ kàwé ní Yunifásítì Southern California, fi wàhálà yìí ṣe àpilẹ̀kọ oyè másítà rẹ̀ ní 2006. Ọ̀pọ̀ géèmù nígbà náà ń béèrè níbẹ̀rẹ̀ pé ṣé o fẹ́ èyí tó rọrùn àbí èyí tó le. Ìbéèrè tí kò bọ́gbọ́n mu ni: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ kó tó gbá a? Chen ṣe géèmù kan tó pè ní flOw. Ẹ̀dá kékeré kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, ó ń jẹ àwọn ẹ̀dá tó kù. Nínú àwọn ohun jíjẹ náà, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí o bá jẹ ẹ́, ìwọ á wọ inú ibú sí i, níbi tí ọ̀tá ti lágbára. Òmíràn sì wà tí yóò gbé ọ padà sókè. Kò sí ìbéèrè, kò sí bọ́tìnnì. Ẹni tí nǹkan sú á lọ sísàlẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bà á gòkè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tún ọ̀nà tóóró náà ṣe láàárín eré, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Chen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ṣe Journey, tó jáde ní 2012 fún PlayStation 3, wọ́n tún pàdé ohun kan tí ìwé kò sọ. Géèmù náà fẹ́ kí àjèjì méjì pàdé lórí yanrìn aṣálẹ̀, kí wọ́n sì jọ rìn lọ sí orí òkè. Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ sísọ kúrò, wọ́n ti mú orúkọ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìdí láti bú ẹnìkejì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán an wò, kàkà kí àwọn èèyàn ran ara wọn lọ́wọ́, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sínú kòtò. Àwọn tó dán an wò yìí jẹ́ ọmọlúàbí nílé wọn o. Onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé kan ló ṣàlàyé fún Chen pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ayé tuntun á ṣe bí ọmọ ọwọ́: kò mọ rere, kò mọ búburú, ohun tó bá dá a lóhùn jù ni yóò máa ṣe. Títi èèyàn sínú kòtò ń mú ariwo àti ìgbòkègbodò wá. Wọ́n yọ agbára láti ti èèyàn kúrò. Ara ẹnì kan á gba inú ara ẹnìkejì kọjá, ìjà sì tán. Kò sí ìwàásù kankan tí wọ́n ṣe fún ẹnikẹ́ni. 

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Kí géèmù Halo 3 tó jáde ní 2007, Microsoft kó èèyàn bí 600 wọ yàrá, wọ́n wò wọ́n fún wákàtí tó lé ní 3,000, wọ́n sì ń sàmì sí orí àwòrán ilẹ̀ ibi tí kálukú kú sí àti ibi tí kálukú ti ṣìnà. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń rìn lọ rìn bọ̀, wọ́n á sọ ojú ọ̀nà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹni tó bá ti fò sísàlẹ̀ má lè padà mọ́.

Ṣùgbọ́n èèyàn 600 kéré. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, Zoran Popović àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pàápàá Erik Andersen, rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé ìdánwò Malone kúrò nínú kíláàsì kan. Wọ́n fi géèmù wọn sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí i yóò bá ọ̀kan nínú oríṣiríṣi ẹ̀dà pàdé láìmọ̀ pé òmíràn wà. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé èsì kan jáde tó dá lórí èèyàn tó lé ní 27,000. Ọ̀pọ̀ olùṣe géèmù ló gbà pé bí o bá fọ́n owó wúrà káàkiri fún ẹni tó fẹ́ ṣa á, adùn á pọ̀ sí i. Ìwádìí náà ní kì í ṣe dandan. Bí owó náà bá wà lójú ọ̀nà ibi tí géèmù ń lọ, ó dára. Bó bá ń fa èèyàn yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lè mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi géèmù sílẹ̀ kí wọ́n má sì padà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dán àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wò, ìyẹn ìtọ́ni tí géèmù ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Géèmù mẹ́ta ni wọ́n lò, èèyàn tó lé ní 45,000 sì gbá wọn. Nínú èyí tó díjú jù, ìtọ́ni mú kí àwọn èèyàn pẹ́ sí i tó ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn méjì tó rọrùn, kò yí nǹkan kan padà. Gbogbo wákàtí tí wọ́n fi kọ ìtọ́ni àwọn méjì yẹn ti ṣòfò, ẹnikẹ́ni kì bá sì mọ̀ ká ní wọn ò yọ ọ́ wò.

Èyí tó díjú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Foldit, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú David Baker, onímọ̀ nípa puròtíìnì, tó sì jáde ní 2008. Puròtíìnì jẹ́ okùn gígùn tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, bó ṣe ká sì ló ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe nínú ara. Àtimọ bó ṣe ká ṣòro fún kọ̀ǹpútà ìgbà náà gan-an. Foldit fi okùn náà sọ́wọ́ aráàlú pé kí wọ́n máa fà á, kí wọ́n máa lọ́ ọ, bó bá ṣe bá òfin ìṣẹ̀dá mu tó ni máàkì wọn á ṣe pọ̀ tó. Ní 2011, wọ́n gbé puròtíìnì kan fún wọn láti ara kòkòrò àrùn tó ń fa àrùn tó jọ éèdì lára ọ̀bọ. Àwọn onímọ̀ ti ń wá bó ṣe rí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdíje náà, àwọn agbá-géèmù yìí ti gbé àwòrán kan jáde tó péye débi tí àwọn onímọ̀ fi lè parí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ onímọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé nípa puròtíìnì rí.

Níbi ìlera ni ìdánwò yíyọ ti gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀tàn jù. Ní 2006, àjọ HopeLab ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Re-Mission fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní jẹjẹrẹ. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń jẹ́ Roxxi wọ inú ara aláìsàn lọ, ó ń yìnbọn lu sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, oògùn sì ni ọta ìbọn rẹ̀. Wọ́n kó aláìsàn 375 jọ, láti ọmọ ọdún 13 dé 29, ní ilé ìwòsàn 34 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà. Àwọn kan gba Re-Mission pẹ̀lú géèmù mìíràn tó wà lọ́jà, àwọn tó kù gba ti ọjà nìkan. Wọn ò fi géèmù wéra pẹ̀lú àìsí géèmù, nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn tí wọ́n fún ní ohunkóhun láti fi ṣeré, inú rẹ̀ á dùn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn. Ìdérí ìgò oògùn àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n sì tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Èsì tó jáde ní 2008 ni pé àwọn tó gba Re-Mission ń lo oògùn wọn déédéé ju àwọn yòókù lọ, ìmọ̀ wọn nípa àìsàn náà pọ̀ sí i, wọ́n sì gbà pé àwọn lè kojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè bí ayé ṣe ń rí lára wọn, ìyàtọ̀ kò sí. Kódà, nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ìgò oògùn ló sọ òótọ́.

Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Steven Cole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn 57 wò. Àwọn kan ń gbá Re-Mission fúnra wọn, àwọn kan ń wo eré náà lásán láìfọwọ́ kàn án. Àwòrán kan náà ni, ẹ̀kọ́ kan náà ni, ọwọ́ nìkan ni wọ́n yọ. Àwọn ibi tó ń mọ adùn nínú ọpọlọ jí nínú àwọn tó ń gbá a. Nínú àwọn tó ń wò ó, wọn ò jí bẹ́ẹ̀. Èyí ló mú kí n máa ṣiyèméjì nípa fídíò ìlera tí a ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp.

Géèmù EndeavorRx ni kí a fi wo ibi tí géèmù ti di oògùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé dókítà lè kọ ọ́ fún ọmọ ọdún 8 sí 12 tí kò lè fọkàn sí nǹkan lójú kan. Ìwádìí tó gbé e ró lo ọmọ 348. Àwọn kan gbá a fún ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó kù sì gbá géèmù ọ̀rọ̀ lásán. Níbi ìdánwò ìfọkànsí orí kọ̀ǹpútà, àwọn EndeavorRx ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi òbí àti dókítà bóyá ọmọ náà yàtọ̀ nílé, àwọn ọmọ inú ọ̀wọ́ méjèèjì ló ti dára sí i, ìkan kò ju ìkan lọ. Èmi gbà pé ìyẹn kò tó láti fi pe nǹkan ní ìwòsàn. Ọmọ kì í gbé inú ìdánwò kọ̀ǹpútà.

Ẹ má jẹ́ kí n fi apá kan pamọ́. Irinṣẹ́ kan náà tí Malone fi wá ohun tó lè mú ọmọ fẹ́ ìṣirò ni àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù orí fóònù fi ń wá ohun tó lè mú ọmọ fi káàdì bàbá rẹ̀ ra owó wúrà tí kò sí. Ẹ̀dà méjì, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, èyí tó bá pa owó jù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti fi géèmù tó gba àkóso lọ́wọ́ èèyàn kún àkójọ àrùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé yunifásítì ń tẹ ohun tó rí jáde, títí kan èyí tó já a kulẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ń tì í mọ́ àpótí. Ohun tó yẹ kí òbí máa béèrè nípa géèmù ọmọ rẹ̀ ni pé ta ló dán an wò, kí ni wọ́n sì ń kà nígbà tí wọ́n ń dán an wò: ìṣẹ́jú ni, ìmọ̀ ni, àbí owó?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ géèmù ní Yábàá àti Ìbàdàn, tí ẹ fẹ́ fi ìtàn Ìjàpá tàbí ìṣirò kọ́ àwọn ọmọ wa, iṣẹ́ yìí kò béèrè ẹ̀rọ 144. Kí ẹ tó fi ohun tuntun kan kún un, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ẹ yọ ohun kan ṣoṣo kúrò nínú ọ̀kan, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ yín, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì panu mọ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú. Ẹ ka ti ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ẹ ka ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á.